Ọ̀rọ̀ Kan fún Ìràwọ̀, Ẹ̀dá àti Àṣà: Àgbéyẹ̀wò Àpérò Chicago ti Ọdún 1959 ní Ojú Olùkọ́ni Èdè Yorùbá

Àṣamọ̀

Iṣẹ́ yìí gbé àpérò tí Yunifásítì Chicago ṣe ní oṣù Kọkànlá ọdún 1959 yẹ̀ wò, pẹ̀lú ìwé alápá mẹ́ta tí ó ti inú rẹ̀ jáde. Àpérò náà kó onímọ̀ ìràwọ̀, onímọ̀ ẹ̀dá abẹ̀mí, awalẹ̀pìtàn àti onímọ̀ àṣà jọ láti jíròrò bí ayé, ẹ̀dá àti ènìyàn ṣe dé ibi tí wọ́n dé. Èrò wa ni pé ètò àpérò náà dára ju ọ̀pọ̀ èyí tí à ń ṣe lónìí lọ, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí wọ́n fi pe ohun mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ da ìtumọ̀ rú. Ẹni tí ó bá fẹ́ kọ́ ẹ̀kọ́ yìí ní èdè Yorùbá kò lè sá fún ìdàrúdàpọ̀ náà, nítorí èdè yóò bi í léèrè ọ̀rọ̀ ìṣe tí ó fẹ́ lò. A fi àbá fún àwọn ilé-ẹ̀kọ́ olùkọ́ni kádìí iṣẹ́ náà.

1. Ìfáárà

Ní ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ olùkọ́ni, ẹni tí ń kọ́ èdè àti ẹni tí ń kọ́ sáyẹ́ǹsì kì í sábà jókòó sínú yàrá kan náà láti sọ̀rọ̀ lórí ohun kan náà. Ẹ̀ka èdè a gbà pé ọ̀rọ̀ ìràwọ̀ àti egungun àtijọ́ kò kàn án. Ẹ̀ka sáyẹ́ǹsì náà a sì gbà pé ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ kò kan òun. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́ ni ó máa ń ru ẹrù àárín méjèèjì. Ẹ̀kọ́ nípa bí ẹ̀dá ṣe ń yí padà wà nínú báyọ́lọ́jì ilé-ẹ̀kọ́ girama àgbà wa. Bẹ́ẹ̀ ni Ìlànà Ìjọba Àpapọ̀ lórí ètò ẹ̀kọ́, nígbà tí ó kọ́kọ́ jáde ní 1977, fi àyè fún kíkọ́ ọmọ ní èdè abínibí ní ìbẹ̀rẹ̀ ilé-ẹ̀kọ́. Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ sì ti fi iṣẹ́ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ní 1970 hàn pé a lè fi Yorùbá kọ́ sáyẹ́ǹsì fún odindi ọdún mẹ́fà ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ohun tí ó kù ni ọ̀rọ̀ tí a ó lò, àti bóyá ọ̀rọ̀ náà yóò tan akẹ́kọ̀ọ́ jẹ tàbí yóò là á lọ́yẹ̀.

Ìdí nìyí tí a fi yan àpérò Chicago. Kì í ṣe nítorí pé ó jẹ́ tuntun. Ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún. A yàn án nítorí pé ó gbìyànjú ohun tí ọ̀pọ̀ wa ń pè fún lónìí, ìyẹn ni kí ẹ̀ka ìmọ̀ gbogbo pàdé lórí ìbéèrè kan. A fẹ́ mọ ibi tí ó ti ṣe é yọrí, ibi tí ó ti kùnà, àti ohun tí àwa tí a ń kọ́ olùkọ́ lè mú níbẹ̀.

2. Bí wọ́n ṣe to àpérò náà

Ọjọ́ 24 oṣù Kọkànlá, ọdún 1859 ni ìwé Charles Darwin, On the Origin of Species, jáde. Ní ọjọ́ kan náà, ọgọ́rùn-ún ọdún lẹ́yìn rẹ̀, ni àpérò Chicago bẹ̀rẹ̀. Ó sì parí ní ọjọ́ 28. Sol Tax, onímọ̀ nípa ẹ̀dá ènìyàn àti àṣà, ni ó ṣe agbátẹrù rẹ̀. Ìjókòó márùn-ún ni wọ́n là sílẹ̀: ìbẹ̀rẹ̀ ìwàláàyè, bí ẹ̀dá abẹ̀mí ṣe ń yí padà, ènìyàn gẹ́gẹ́ bí ẹ̀dá ẹlẹ́ran ara, ọkàn àti ọpọlọ, àwùjọ àti àṣà. Harlow Shapley, onímọ̀ ìràwọ̀, ni alága ìjókòó kìn-ín-ní, Hans Gaffron tí ó mọ kẹ́mísírì ara ohun abẹ̀mí sì jẹ́ igbákejì rẹ̀. Julian Huxley darí èkejì. Ní ìjókòó karùn-ún, Clyde Kluckhohn àti Alfred Kroeber ni wọ́n jókòó ṣe alága àwọn onímọ̀ àṣà bíi Leslie White àti Julian Steward. Ní 1960, ilé ìtẹ̀wé yunifásítì náà tẹ gbogbo rẹ̀ jáde ní apá mẹ́ta, wọ́n pè é ní Evolution After Darwin.

Ohun tí ó wú wa lórí jù ni ọ̀nà tí wọ́n gbà ṣe é. Àwọn tí ó kópa ti kọ iṣẹ́ wọn sílẹ̀ ṣáájú. Wọ́n ti pín in fún ara wọn, wọ́n sì ti kà á. Nígbà tí wọ́n dé orí ìjókòó, wọn kò tún ka ìwé sí èrò létí. Wọ́n ń bi ara wọn léèrè ni, wọ́n ń jiyàn, alága sì ń fa ọ̀rọ̀ padà bí ó bá ti ń yà kúrò lójú ọ̀nà. Ìjíròrò wọ̀nyí ni ó wà nínú apá kẹta ìwé náà. Ẹni tí ó bá kà á yóò rí ibi tí àwọn àgbà ìmọ̀ ti ń sọ fún ara wọn pé ọ̀rọ̀ náà kò tíì yé àwọn.

Ẹ jẹ́ kí a fi èyí wé àpérò tiwa. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni olúkúlùkù ń rí láti sáré ka àṣamọ̀ iṣẹ́ rẹ̀. Ìjókòó mẹ́ta tàbí mẹ́rin ń lọ lẹ́ẹ̀kan náà, ìbéèrè méjì péré ni àyè ń gbà, ìwé ẹ̀rí sì ti ń dúró lórí tábìlì. Àwọn Yorùbá ní ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè. Òwe yìí kò sọ pé kí ọmọdé àti àgbà kàn dúró sínú ilé kan náà. Ohun tí ó ń sọ ni pé kí ọ̀kan bá èkejì mú ohun tí ọwọ́ rẹ̀ kò tó. Ní ti èyí, Chicago fi àpẹẹrẹ rere lélẹ̀.

3. Ọ̀rọ̀ kan, ohun mẹ́ta

Ibi tí a ti bá àpérò náà jà ni orúkọ tí ó fi so ìjókòó márààrún pọ̀. Evolution ni wọ́n pe ti ìràwọ̀, òun náà ni wọ́n pe ti ẹranko àti ewéko, òun náà ni wọ́n pe ti àṣà. Huxley ní pàtàkì rí gbogbo rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìrìn kan ṣoṣo, láti orí eruku ojú ọ̀run títí dé orí ọkàn ènìyàn. Èdè Gẹ̀ẹ́sì gbà á láyè, nítorí pé ọ̀rọ̀ orúkọ kan lè bo ọ̀pọ̀ nǹkan mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí a bá fẹ́ sọ ọ́ ní Yorùbá, a ó ní láti sọ ohun tí ìràwọ̀ ń ṣe, ohun tí ẹ̀dá ń ṣe, àti ohun tí àṣà ń ṣe. Ibẹ̀ ni a ó ti rí i pé ohun mẹ́ta ni.

Ìràwọ̀ a máa gbó. Oòrùn wa ti wà fún nǹkan bíi bílíọ̀nù 4.6 ọdún. Ó ń jó gáàsì háídírójìn tí ó wà nínú rẹ̀. Bí èyí bá tán láàárín rẹ̀, yóò wú, lẹ́yìn náà yóò sì rọ. Oòrùn kan náà ni ó ń yí padà láti ìgbà èwe dé ogbó. Òótọ́ ni pé eruku ìràwọ̀ tí ó kú a máa di ara ìràwọ̀ mìíràn. Ní 1957, ọdún méjì ṣáájú àpérò náà, ni Margaret àti Geoffrey Burbidge, William Fowler àti Fred Hoyle ṣàlàyé bí ọ̀pọ̀ àwọn èròjà tí ó wà nínú ayé ṣe di sísè nínú ìràwọ̀. Ṣùgbọ́n bí ewé tí ó jẹrà ṣe ń sọ ilẹ̀ oko di ọlọ́ràá ni èyí rí. Iṣu ọdún yìí kì í ṣe ọmọ ewé èṣí.

Ìran a máa pẹ̀ka. Nínú ẹ̀dá abẹ̀mí, ẹnì kan ṣoṣo kì í yí padà. Agbo ni ó ń yí padà bí ìran ṣe ń rọ́pò ìran. Àpẹẹrẹ tí ó sún mọ́ wa jù ni ti ẹ̀jẹ̀ AS àti SS. Ní 1954, Anthony Allison fi iṣẹ́ tí ó ṣe ní Ìlà-Oòrùn Áfíríkà hàn pé ọmọ tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ AS a máa rí ààbò lọ́wọ́ ibà líle. Nítorí náà, ní ilẹ̀ tí ẹ̀fọn ibà pọ̀ sí bíi tiwa, púpọ̀ nínú àwọn ọmọ AS ń dàgbà, wọ́n sì ń bímọ. Bẹ́ẹ̀ ni S ń bá ìran lọ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé SS ń fi ojú àwọn ọmọ mìíràn rí màbo. Kò sí ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti AA di AS nítorí pé ibà ṣe é. Iye àwọn tí ó ní in nínú ìlú ni ó ń yí padà.

Àṣà, ní tirẹ̀, kíkọ́ ni. Ẹni tí a kò bí lè kọ́ híhun aṣọ òfì lọ́wọ́ wa, bí ahunṣọ ṣe gba òwú dídán tí ilé-iṣẹ́ ń ṣe mọ́ òwú ìbílẹ̀ láàárín ìran kan ṣoṣo. Àṣà lè fò láti ìlú sí ìlú, ó lè padà sẹ́yìn, ọmọ lè fi kọ́ bàbá. Ẹ̀jẹ̀ kò lè ṣe èyíkéyìí nínú ìwọ̀nyí.

Nígbà tí a bá fi ọ̀rọ̀ kan pe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ìwà ọ̀kan a máa ran èkejì. Ìràwọ̀ ní ìpele tí ó gbọ́dọ̀ gbà kọjá. Ẹni tí ó bá fi ojú ìràwọ̀ wo àṣà yóò gbà pé àwùjọ náà ní àkàbà kan tí gbogbo wọn ń gùn, àwọn kan wà lókè, àwọn kan ṣì wà nísàlẹ̀. Leslie White fẹ́ fi iye agbára tí àwùjọ kan ń rí lò wọn ibi tí àṣà rẹ̀ dé. Kí a má fi dúdú pe funfun, Julian Steward kò fara mọ́ àkàbà kan ṣoṣo. Ọ̀nà púpọ̀ ni ó ní àwùjọ lè gbà. Ṣùgbọ́n ètò àpérò fúnra rẹ̀, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ìwàláàyè tí ó sì gun orí àwùjọ ènìyàn, ti ṣe bí ẹni pé àkàbà wà kí ẹnikẹ́ni tó la ẹnu. Ní 1959 tí ọ̀pọ̀ ilẹ̀ Adúláwọ̀ ṣì wà lábẹ́ òyìnbó amúnisìn, èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré.

Darwin fúnra rẹ̀ kò jẹ̀bi èyí. Kò lo ọ̀rọ̀ náà, evolution, rárá nínú ìwé rẹ̀ nígbà tí ó kọ́kọ́ jáde. Ọ̀rọ̀ ìṣe tí ó bá a tan, evolved, ni ó fi parí gbólóhùn ìkẹyìn. Inú ìtẹ̀jáde kẹfà, ní 1872, ni orúkọ náà ti wọlé. Ohun tí Darwin ń pe ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni descent with modification. Ẹ jẹ́ kí a gbé e sí Yorùbá: ìran tí ń ní àyípadà. Ọ̀rọ̀ náà wọ etí wa, nítorí pé ìran ni Yorùbá fi ń ronú nípa ẹni tí ó bí ni, ẹni tí a bí àti ẹni tí a jọ jẹ́ ẹbí.

Ṣùgbọ́n kí ni a ń gbọ́ nínú yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́? Ìdàgbàsókè ni ọ̀pọ̀ ń lò, àwọn mìíràn ní ìtẹ̀síwájú. Ìdàgbàsókè ni a fi ń pe títì ọlọ́dà àti iná mànàmáná. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó gbọ́ ọ yóò gbà pé ọ̀bọ jẹ́ ènìyàn tí kò tíì dàgbà sókè. Ìdí nìyí tí ìbéèrè kan kò fi kúrò ní kíláàsì: bí ọ̀bọ bá di ènìyàn, kí ló dé tí ọ̀bọ ṣì wà? Bí a bá lo ìran, ìdáhùn kò le. Ará Ìlá àti ará Kétu jọ ń tọpa orírun wọn dé Ilé-Ifẹ̀. Kò sí ẹni tí ń béèrè pé níwọ̀n ìgbà tí Ìlá ti wà, kí ló dé tí Kétu ṣì wà, nítorí pé Ìlá kò ti Kétu jáde. Orírun ni wọ́n jọ ní. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọ̀rọ̀ ènìyàn àti ọ̀bọ.

4. Ìwàásù Huxley

Ní ọjọ́ 26 oṣù Kọkànlá, tí ó bọ́ sí ọjọ́ Ìdúpẹ́ àwọn ará Amẹ́ríkà, Huxley bọ́ sórí pẹpẹ ilé ìsìn Rockefeller ní yunifásítì náà, ó sì sọ̀rọ̀ tí ó dá àríyànjiyàn sílẹ̀. Kókó rẹ̀ ni pé ẹ̀sìn pàápàá jẹ́ èso ìyípadà ẹ̀dá, pé èrò nípa ohun tí ó ju ti ẹ̀dá lọ kò ní àyè mọ́, pé ìgbàgbọ́ tuntun kan yóò ti inú sáyẹ́ǹsì jáde. Ìwé ìròyìn gbé e káàkiri. Ọ̀rọ̀ ìran, egungun àti ẹ̀jẹ̀ tí àwọn tó kù fi ọjọ́ márùn-ún jíròrò wá di ìjà ẹ̀sìn.

A kò sọ pé Huxley kò lẹ́tọ̀ọ́ sí èrò rẹ̀. Ohun tí a ń sọ ni pé ó kọjá ibi tí ẹ̀rí tí ó wà níwájú rẹ̀ gbé e dé. Egungun lè sọ bí ènìyàn ṣe ń rìn. Kò lè sọ bóyá kí ènìyàn gbàdúrà. Olùkọ́ni ilẹ̀ wa kò lè fi ojú fo èyí, nítorí ọmọ Mùsùlùmí, ọmọ Kìrìsìtẹ́nì àti ọmọ oníṣẹ̀ṣe ni ó jókòó níwájú rẹ̀. Bí ó bá wàásù bíi ti Huxley, ìdajì kíláàsì yóò dí etí. Bí ó bá sì fo ẹ̀kọ́ náà torí ìbẹ̀rù, ó ti fi ẹ̀tọ́ gbogbo wọn dù wọ́n.

Ó yẹ kí a sọ ti ara wa pẹ̀lú. Àwọn kan nínú wa, ní ẹ̀ka Yorùbá, máa ń fẹ́ fi ìtàn ẹ̀wọ̀n, iyẹ̀pẹ̀ àti adìẹ ẹlẹ́sẹ̀ márùn-ún ní Ilé-Ifẹ̀ hàn pé àwọn baba wa ti mọ̀ nípa ìbẹ̀rẹ̀ àgbáńlá ayé kí sáyẹ́ǹsì tó dé. Wọ́n á ní iyẹ̀pẹ̀ tí adìẹ tàn káàkiri ni ìbúgbàmù ńlá tí àwọn onímọ̀ ìràwọ̀ ń sọ. A kò gbà. Ní 1964 ni Arno Penzias àti Robert Wilson bá ìtànṣán tí ó kù láti ìgbà ìbẹ̀rẹ̀ pàdé lórí ẹ̀rọ wọn. Òun àti àwọn ìwọ̀n mìíràn ni wọ́n fi ń sọ lónìí pé àgbáńlá ayé ti tó bílíọ̀nù 13.8 ọdún. Ìtàn Ifẹ̀ kò wá ìdáhùn sí irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó ni ilẹ̀, bí ìlú ṣe di ìlú, àti ìdí tí a fi ń bọlá fún Ọbàtálá, tí ó mọ ẹ̀dá, títí kan abuké àti àfín, ni ó ń sọ. Ẹni tí ó bá sọ ọ́ di sáyẹ́ǹsì ti gba iṣẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí Huxley ṣe fẹ́ gba iṣẹ́ ẹ̀sìn fún sáyẹ́ǹsì. Àṣìṣe kan náà ni, ọ̀nà ló yàtọ̀.

5. Egungun tiwa, ohùn ta ni?

Darwin ti sọ ní 1871 pé ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ ilẹ̀ Áfíríkà ni àwọn baba ńlá ènìyàn gbé. Ní ọjọ́ 17 oṣù Keje 1959, Mary Leakey rí agbárí kan ní Olduvai, ní ilẹ̀ tí a ń pè ní Tanzania lónìí. Lẹ́yìn náà ni ìwọ̀n fi hàn pé ó ti tó mílíọ̀nù 1.75 ọdún. Lẹ́yìn oṣù mẹ́rin, Louis Leakey ọkọ rẹ̀ ti wà ní Chicago lórí ìjókòó kẹta. Ọmọ òyìnbó tí a bí ní Kẹ́ńyà ni, ó sì gbọ́ èdè Kikuyu dáadáa. Ṣùgbọ́n nínú àwọn mẹ́wàá tí ó ṣe alága àti igbákejì ìjókòó márààrún, kò sí ọmọ ilẹ̀ Adúláwọ̀ kankan. Egungun Áfíríkà dé Chicago ṣáájú ohùn Áfíríkà.

Àmọ́ okùn kan so àpérò náà mọ́ ilẹ̀ wa. Huxley yìí kan náà wà nínú Ìgbìmọ̀ Elliot tí ó wá wo ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ gíga ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, tí àbọ̀ rẹ̀ jáde ní 1945. Ó wà lára àwọn díẹ̀ tí ó fẹ́ kí yunifásítì kan ṣoṣo wà, kí ó sì wà ní Ìbàdàn; Àlùfáà I. O. Ransome-Kuti, aṣáájú ẹgbẹ́ olùkọ́, wà lára àwọn tí ó ní kí ó jẹ́ mẹ́ta. Ní 1948 ni Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀. Láti Ìbàdàn yìí ni Thurstan Shaw, awalẹ̀pìtàn, ti jáde lọ sí ẹ̀gbẹ́ Ìsàrún, ní ìpínlẹ̀ Oǹdó ti òní, ní 1965, tí òun àti àwọn tí ó bá a ṣiṣẹ́ sì rí egungun ènìyàn tí ó ti lé ní ọdún 11,000. Nígbà tí àwọn onímọ̀ tún un wọ̀n tí wọ́n sì tẹ àbọ̀ wọn jáde ní 2011, wọ́n rí i pé ìrísí agbárí náà jọ ti àwọn ènìyàn tí ó pẹ́ jù ú lọ. Ìtàn ìran ènìyàn ní àyíká wa ní ẹ̀ka ju bí a ṣe rò lọ.

Iwo Eleru ni wọ́n kọ orúkọ ibẹ̀ sínú ìwé fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹni tí ó bá gbọ́ Yorùbá, tí ó sì rí eérú tí ó wà nínú àpáta náà, yóò mọ̀ pé Ihò Eléérú ni. Ní ọdún àìpẹ́ yìí ni àwọn onímọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tún un kọ bí ó ti tọ́. Kì í ṣe pé lẹ́tà kan àti àmì ohùn mélòó kan kàn sọnù. Ìtumọ̀ ibẹ̀ ni ó sọnù, nítorí pé kò sí ẹni tí ó gbọ́ èdè tí a bi léèrè kí a tó kọ ọ́. Iṣẹ́ tí ẹ̀ka èdè ì bá ṣe fún ẹ̀ka ìwalẹ̀pìtàn nìyẹn.

6. Ìkádìí àti àbá

A ti rí i pé àpérò Chicago kọ́ wa bí a ṣe ń pàdé, ó sì tún kọ́ wa ewu tí ó wà nínú kí orúkọ kan bo ọ̀pọ̀ ohun mọ́lẹ̀. Ìràwọ̀ a máa gbó, ìran a máa pẹ̀ka, àṣà sì jẹ́ ohun tí à ń kọ́. Olùkọ́ tí ó bá di mẹ́ta yìí mú kò ní kọ́ ọmọ ní àkàbà tí kò sí. Nítorí náà, a dá àbá wọ̀nyí:

(i) Kí àwọn olùkọ́ni Yorùbá àti ti sáyẹ́ǹsì ní ilé-ẹ̀kọ́ olùkọ́ni jọ jókòó ṣe ọ̀rọ̀ tí a ó fi kọ́ ẹ̀kọ́ yìí, kí wọ́n sì yẹra fún ìdàgbàsókè àti ìtẹ̀síwájú níbi tí wọn kò bá ohun tí ó ṣẹlẹ̀ mu. Èdè-Ìperí Yorùbá ti ṣe irú iṣẹ́ yìí fún èdè, lítíréṣọ̀ àti ọgbọ́n ìkọ́ni. Ó yẹ kí a ṣe é fún báyọ́lọ́jì àti ìmọ̀ ìràwọ̀.

(ii) Kí a fi ẹ̀jẹ̀ AS àti egungun Ihò Eléérú ṣe àpẹẹrẹ nínú ẹ̀kọ́, kí akẹ́kọ̀ọ́ lè mọ̀ pé ilé ni ẹ̀kọ́ náà wà, kì í ṣe òkè òkun nìkan.

(iii) Kí olùkọ́ kọ́ ìtàn ìṣẹ̀dá Ifẹ̀ ní àyè tirẹ̀ àti ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì ní àyè tirẹ̀, láì fi ọ̀kan jẹ́rìí èké fún èkejì, láì sì fi ọ̀kan tẹ èkejì mọ́lẹ̀.

(iv) Kí àwọn tí ń ṣètò àpérò ní àwọn ilé-ẹ̀kọ́ wa ya ó kéré tán ìjókòó kan sọ́tọ̀ tí a ó ti pín iṣẹ́ rẹ̀ fún akópa ní oṣù kan ṣáájú, tí ẹnikẹ́ni kò ní ka ìwé níbẹ̀, tí ẹ̀ka èdè àti ẹ̀ka sáyẹ́ǹsì yóò sì jókòó sí tábìlì kan náà.